Ìsìnkú Ìkòkò Kọfí

"Ẹ sunkún dáadáa, ẹ̀yin èèyàn! Ṣé bí wọ́n ṣe ń sin olóògbé nìyẹn?"

Ìyá Lundgren, aládùúgbò Brita Norling, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo àlejò wọ dúdú, wọ́n yí tábìlì Brita ká, wọ́n ń nu ojú tí omi ò sí níbẹ̀. Ìkòkò kọfí ló wà láàárín tábìlì, wọ́n fi aṣọ dúdú wé e lọ́rùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òfin tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká kọfí mọ́ lọ́wọ́ ní Stockholm yóò rí pípọ́n ojú ìjọba. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sin ìkòkò káàkiri ìlú, tí wọ́n sì ń ka ewì ìdárò lé e lórí.

Ewì kan náà ni gbogbo ilé ń kà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìsí orúkọ, ó sì fi Adájọ́ Hallenstam, tó ti òfin náà lẹ́yìn jù, ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé àwọn tó ń kà á ń fọwọ́ di ìhà mú. Gbogbo ìlú gbà pé Kjellman ló kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti ń hu ewú lórí láìparí ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ilé ọtí dé ilé ọtí, wọ́n sì ń fi bíà yẹ́ ẹ sí. Irọ́ gbuu ni. Brita ló kọ ọ́, nínú ilé ìdáná rẹ̀, nígbà tó ń yan búrẹ́dì lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Orí Kjellman yẹn mà pé o!" ni Ìyá Lundgren wí.

Brita rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bu ìyókù kọfí sínú ife rẹ̀. Inú ń bí i burúkú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Anders, ọkọ rẹ̀, fi wọlé láti ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè. Kò tilẹ̀ ṣí fìlà.

"Wọ́n ti mú Kjellman nítorí ewì yẹn," ó ní. "Àárọ̀ ọ̀la ni ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹgba ni wọ́n máa nà án."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Kíá ni àwọn àlejò wá ìborùn wọn, wọ́n bọ́ síta.

"Má wulẹ̀ rò ó," ni Anders wí nígbà tó ku àwọn méjèèjì.

"Kí lẹ mọ̀ pé mò ń rò?"

"Brita, mo mọ̀ ẹ́. Ta ló ní kí ọ̀lẹ yẹn gba ohun tí kì í ṣe tiẹ̀? Ó ti mu bíà ẹ̀, kó lọ jẹ ẹgba ẹ̀."

"Bàbá Karin, ewì mi ló gbé e dé àtìmọ́lé."

"Ẹnu ẹ̀ ló gbé e débẹ̀! Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Tó o bá jáde lọ́la, wọ́n á lé mi. Kí la ó máa jẹ?"

"Ẹja oníyọ̀ la ń jẹ lónìí náà. Ẹ máa bínú sí mi, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n na èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ tèmi."

"Mi ò ní bá ẹ lọ o."

"Mi ò bẹ̀ yín."

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ dúdú yẹn náà ló wọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Kjellman dúró láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́, irun rẹ̀ rí wúruwùru, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín sí èrò. Nígbà tí Brita sọ pé, "Èmi ni mo kọ ewì náà," gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kjellman ló sì rẹ́rìn-ín jù.

"Ẹ gbà mí o! Màdámù yìí? Olúwa mi, èmi ni mo kọ ọ́ láti òkè délẹ̀!"

Ẹnu ya Brita. Ó sún mọ́ ọn. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé orí ẹ pé? Wọ́n máa nà ẹ́!"

"Kí wọ́n nà mí," ni Kjellman fi ohùn kékeré dáhùn. "Kí ni mo tún ní?"

Àánú rẹ̀ ṣe Brita. Ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ ju àánú lọ. Ó ti gbọ́ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yin ẹlòmíràn, ó sì ti tó gẹ́ẹ́. Ká ní kò tilẹ̀ sí ẹgba nínú ọ̀rọ̀ náà, kò ní fi ewì rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Adájọ́ Hallenstam, tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, gbá tábìlì. "Ó dáa. Kí kálukú fi ẹsẹ tuntun kan kún ewì náà níbí, lójú mi. Kjellman, ìwọ ni kó ṣáájú."

Kjellman wúkọ́. "Ìkòkò o, ìkòkò dúdú…" Ó wo àjà. "Ìkòkò tó dúdú…" Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn.

Brita ò kánjú. Látìgbà tó ti wọlé ni òórùn kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, tó ń bọ̀ láti yàrá tí adájọ́ ti jáde. Ó gbé orí sókè:

"A sin ìkòkò lánàá, a sunkún títí,
A faṣọ dúdú wé e lọ́rùn nílé gbogbo.
Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jí i dìde
Tó ń hó lówùúrọ̀ yìí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín?"

Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú fa afẹ́fẹ́. Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ mi fèrèsé, àwọn ẹ̀ṣọ́ pàápàá ò lè mú un mọ́ra. Ọrùn Hallenstam pọ́n. Ó mọ̀ pé tí òun bá na obìnrin yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ìlú á ti mọ ẹsẹ náà lórí.

"Ẹ tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀!" ó jágbe. "Ìtanràn ni kí obìnrin náà san. Kọ orúkọ ẹ̀!"

Akọ̀wé ki kálàmù bọ inú yíǹkì. "Aya Anders Norling, àbí?"

Brita wẹ̀yìn. Anders wà lẹ́nu ọ̀nà, Brita ò mọ ìgbà tó dé. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn. Brita ń retí kó mi orí pé rárá. Anders ṣí fìlà, ó gbá fìlà náà mọ́ àyà.

"Brita Helena Norling," ni obìnrin náà wí. "Níbi tí ẹ ti ń kọ iṣẹ́, ẹ kọ akéwì."