Ìdọ̀bálẹ̀ Télọ̀ Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Ìpá Rẹ̀ Rán

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ̀yin ará wọ́ọ̀dù, kò tíì tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n parí iṣẹ́ abẹ mi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin tí tiyín kù dọ̀la, ẹ má sì jẹun láàárọ̀ o, nọ́ọ̀sì á lé yín padà.

Ẹ mọ̀ pé télọ̀ ni mí. Ọdún méje ni mo fi ru ìpá kiri, tí mò ń purọ́ fún gbogbo ayé pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí ẹrù wíwúwo, kò gbọdọ̀ sí ohun tí yóò ni ikùn lára. Mo ní mo ti gbọ́. Ohun tí mi ò bi í ni ti ìdọ̀bálẹ̀. Ta ló máa ń béèrè ìyẹn? Bẹ́ẹ̀ sì ni Bàbá Ọ̀sánkúnlé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò mí. Bí èèyàn bá kàn tẹ̀ díẹ̀ kí bàbá yẹn, wọn á ní, "Ṣé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?" Àfi kí àyà ẹni kanlẹ̀.

Nínú àlá náà, mo rí i pé ibùsùn mi ti kúrò nílẹ̀. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó ń lọ jẹ́jẹ́ lókè òrùlé ọsibítù. Ọ́fíìsì kan léfòó síbẹ̀, òwú kan ṣoṣo ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò. Mo wo kókó òwú náà, ó dáa. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé: Ọ́fíìsì Ìdọ̀bálẹ̀.

Ọ̀gá kan tó de táì jókòó níbẹ̀. "Ìwé ìdọ̀bálẹ̀ tìrẹ dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mi ni. Lẹ́tà dókítà rèé."

Ó gba lẹ́tà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lágbọ̀n rẹ̀, ìwo yọ, ó di ewúrẹ́, táì ò sì kúrò lọ́rùn. Ó jẹ lẹ́tà náà tán títí dé ibi òǹtẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú oúnjẹ, sà." Kí ni kí n tún sọ?

Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀. Kò sí lẹ́tà nínú fáìlì rẹ. Dọ̀bálẹ̀."

"Àwa kọ̀!" Ohùn náà ti abẹ́ báńdéèjì mi jáde. Okùn mẹ́jọ tí wọ́n fi rán mi ni, inú sì ń bí wọn. Èyí tó dàgbà jù ní, "Láníyì, òní la dé inú ara rẹ, o ti fẹ́ pa wá. Bí o bá gbé gárawá omi, àwa la máa já. Bí o bá lọ ń fipá yàgbẹ́ ní ṣálángá, àwa náà ni. Máa mu omi, máa jẹ ẹ̀fọ́, kí ìgbẹ́ lè rọ̀. Má sì sùn kalẹ̀ bí ọ̀lẹ o, máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀."

Èyí tó kéré jù fi ohùn tín-ín-rín kún un: "Bí ojú ọgbẹ́ bá wú, tó pọ́n, tó ń tú ọyún, tàbí ibà gbé ọ dè, tàbí o ń bì, má lọ mu àgbo. Ọsibítù ni kí o sáré padà sí."

Mo wo wọn, orí mi wú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ, mo sì ti bú iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí. Dókítà Ìyíọlá, obìnrin kúkurú tó ń rìn kíákíá yẹn, ti tẹ́ àwọ̀n pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ibi tó ya, bí àwa náà ṣe ń fi aṣọ líle sínú kọ́là kí ó lè dúró. Ọwọ́ ẹ̀ mà dáa o! Òun náà wà níbẹ̀, ó jókòó sídìí maṣíìnì mi, ó ń fẹsẹ̀ wà á. Mo ní kí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ní èmi ni kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Mo ní òótọ́ ni.

Ni ewúrẹ́ bá ṣílẹ̀kùn, Bàbá Ọ̀sánkúnlé wọlé, fìlà wọn kan àjà. "Láníyì, ṣé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ké, "Yéè!" Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, iṣẹ́ tó rẹwà yẹn á ya. Bí mi ò bá dọ̀bálẹ̀, mo di ọmọ tí wọn ò kọ́. Ìrọ̀rí mi ló dá mi lóhùn: "Gbá mi mọ́ ikùn, jàre, o ti fẹ́ wúkọ́."

Mo wúkọ́. Mo jí.

Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ìrọ̀rí, mo gbá a mọ́ ikùn bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi. Bàbá Ọ̀sánkúnlé sì jókòó tì mí lóòótọ́. Mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń wá bí n ó ṣe sọ̀kalẹ̀.

Bàbá fọwọ́ tẹ èjìká mi. "Sùn síbẹ̀. Ta ló ní kí o dọ̀bálẹ̀?"

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo ibùsùn kejì, wọ́n wá tẹ̀ sí etí mi.

"Ṣé ó dùn púpọ̀?"

"Rárá, bàbá. Oorun ni mo sùn. Ó ń ro mí díẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti fún mi lóògùn."

Wọ́n rọra fi fìlà bo itan wọn. Ìgbà yẹn lojú mi là. Èmi tí mò ń rán ṣòkòtò fún wọn láti ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n máa ń ní kí n fi àyè sí i níwájú, èmi aláìsàn ìpá fúnra mi, mi ò fura!

Bàbá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Láníyì, níbo ni wọ́n ti ń gba káàdì?"