Gaither Wo Ni?

"Dúró síbẹ̀ yẹn. Mo ń gbọ́ ẹ láti ibi tó o wà."

Verdell Gaither kò ṣí ìwọ̀ ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì. Ó dúró nínú ilé, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń wo ọmọbìnrin tó wà nínú oòrùn Birmingham láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ni, ó kàwé, ó sì mọ àgbà kí. Ìyẹn gan-an ló ń bí ìyá àgbà nínú. Àwọn tó ń wá gba ẹrù àtijọ́ mọ irú ẹni tó yẹ kí wọ́n rán.

"Kendra Tolbert lorúkọ mi, mà. Ọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù tí ọkọ yín gbá ni mo bá wá."

"Ẹni tó wá ṣáájú ẹ jẹ páì ọ̀dùnkún mi tán, ó ní òun fẹ́ lọ ya fọ́tò fìlà ọkọ mi. Mi ò tíì rí òun àti fìlà dòní. Ìbọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló kù, o ò sì ní fojú kàn án."

"Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, Màmá. Mo fẹ́ fún yín ni."

Ó tún wá burú sí i. Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò, bàtà Kendra sì ti jẹ ní gìgísẹ̀.

Kendra ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn aláṣẹ bésíbọ́ọ̀lù, tí kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá aláwọ̀ funfun gbá a láyé ọjọ́un, ti wá gbà pé èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú gbá láàárín ara wọn, bọ́ọ̀lù gidi ni. Wọ́n ń kó o wọnú àkọsílẹ̀ àgbà kan náà pẹ̀lú tàwọn aláwọ̀ funfun báyìí. Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ti ń ṣa eré kọ̀ọ̀kan jọ.

"Ìgbà tí àwọn tó gbá a ti kú tán," ni Verdell wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Kendra ò jiyàn. "Ẹ̀ẹ̀rùn kan wà, èyí tó ṣáájú ìgbéyàwó yín. Kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù tó Gaither lọ́dún yẹn. Orúkọ rẹ̀ máa wà láàárín àwọn ọ̀gá. Àmọ́ 'Gaither' lásán ni oníwèé ìròyìn kọ, ẹgbẹ́ náà sì ní méjì: Alonzo ọkọ yín, àti Ezell àbúrò wọn. Gaither wo ni, Màmá?"

"Tó bá jẹ́ Ezell, Alonzo ńkọ́?"

"Wọ́n á wà nínú ìwé. Àmọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni."

"Ta ni Ezell ní tó ń béèrè?"

"A wá títí, mà. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa kọ."

Orúkọ Alonzo ti dé orí ahọ́n Verdell. Ṣé Ezell tó mutí yó, tó jókòó lé kéèkì ìgbéyàwó wọn, ni yóò wá di ọ̀gá? Ta ló máa mọ̀?

Ó la ẹnu láti dárúkọ Alonzo. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló sọ sí i lọ́kàn. Bó bá ti di ọjọ́ ìsinmi tí bọ́ọ̀lù wà, pásítọ̀ á gé ìwàásù kúrú, gbogbo ìjọ á sì tú dà sí pápá tàwọn ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan jókòó tì í níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Irin ló já lé e níléeṣẹ́. Kò lè bó ẹ̀pà sísè. Verdell ló ń bá a bó o, tó ń fi í sí i lẹ́nu, títí ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́. Bí èrò bá hó, Verdell á ní, "Ta ló gbá a?" Alonzo á rẹ́rìn-ín tẹ̀pàtẹ̀pà lẹ́nu: "Àbúrò mi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Ká ní Alonzo ló ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀rùn yẹn, kò ní ráyè jókòó ti òun.

Ó ṣí ìwọ̀ ilẹ̀kùn.

"Ezell ni. Wọlé, kó o kọ ọ́ níbi tí ojú mi á ti tó o."

Kendra jókòó, ó kọ ọ́. Verdell ní kó kà á sétí òun, ó sì tún ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú wo ìwọ̀ tó ń mì lára ilẹ̀kùn. Láti àárọ̀ ló ti ń tilẹ̀kùn mọ́ olè. Àṣé inú ilé níbí ni olè náà dúró sí, tòun tọ̀pá lọ́wọ́.