Ajá Tó Gbá Ọwọ́ Mi Mú

Àṣàkẹ́ ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àlá tí mo lá lóru àná ni.

Inú agbárí èmi fúnra mi ni mo wà, àmọ́ oko ni. Abà iṣu wa àtijọ́ wà níbẹ̀. Olè kan wọlé, àwọn ajá ọdẹ mi lé e lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró. Iṣu tí mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ń fà á ya. Mo pe Ẹ̀yìnlàárò, olórí wọn. Ó wá, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó ń gbọ̀n ọ́n bó ṣe máa ń gbọn òkété.

"Bàbá, ṣé kò mọ̀ yín mọ́ ni?" Ìwọ lo bi mí bẹ́ẹ̀, Àṣàkẹ́.

Ó mọ̀ mí. Ó ń jùrù.

Dókítà pe àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n mi yìí ní Pákínsìn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mi, tó ń bá àrùn jà, ló tún ń ba ọpọlọ mi jẹ́. Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. N ò mọ̀.

Nígbà tí mo jí, ọwọ́ náà ń gbọ̀n lórí ẹní. Mo rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀yìnlàárò, jù ú sílẹ̀."

Kò jù ú sílẹ̀.