Bọ́ọ̀lù Tí Tata Fẹ́ Fi Ṣòfò

Chapulín ni ìlú wa San Gabino ń pe Evodio Tapia, ìyẹn tata. Láti kékeré ló ti ń fò bíi tata létí pápá tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, kò sẹ́ni tó ń rí i dì mú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, olóṣèlú tó bá ń fò látinú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn náà là ń pè ní tata. Nígbà tí Evodio fi ẹgbẹ́ Amọ̀kòkò tiwa sílẹ̀, tó lọ ń gbá wíńgà fún ẹgbẹ́ olówó kan ní olú ìlú, orúkọ tí wọ́n fi ń kì í náà ni wọ́n wá fi ń bú u. Èèyàn ìlú wa ò nítìjú.

Nazario ọkọ mi ni aṣọ́lé Amọ̀kòkò. Òun àti Evodio jọ dàgbà ni. Òun ló ń mú bọ́ọ̀lù tí ìyẹn ń gbé wá láti ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí àwọn méjèèjì ò tíì ní bàtà. Evodio ló gbé Citlali ọmọ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un, torí náà compadre ni òun àti ọkọ mi, èmi sì ni comadre rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, okùn yẹn le ju ti ẹbí lọ. Àbúrò ẹni lè bá ẹni jà kó má tẹ ilé ẹni fún ọdún mẹ́wàá. Compadre ò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìdíje kan ló kù kí sáà parí. Tí a bá gbá ọ̀mì, a ti yọ. Tí wọ́n bá nà wá, a já sí ìpele kejì nìyẹn, àwọn tó ni ẹgbẹ́ á tà á fún ìlú mìíràn, wọ́n á kó o lọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tòun ti àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Àwọn wo ló sì ń bọ̀ wá bá wa gbá a? Ẹgbẹ́ Evodio.

Ó pè wá nígbà tó ku ọ̀la. Mò ń din ẹ̀wà lọ́wọ́, fóònù wà lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ ń dún síta.

"Compadre, mi ò ní gbá a sílé yín lọ́la o."

"Evodio, má sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ ẹ ni."

"Mo ti sọ ọ́ ná. Ìyá mi ṣì ń gbé ìlú yẹn. Comadre, ṣó ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́," mo ní. "Kóòṣì ẹ ni kó o gbọ́ tiẹ̀, òun ló ń bọ́ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Nazario ò rẹ́rìn-ín, kò sì tún sọ lẹ́ẹ̀kejì pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fi èékánná ha orí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀lù ò wọlé níbì kankan títí tó fi ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn. Evodio gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, ó fò kọjá ẹni àkọ́kọ́, ó fò kọjá ẹnì kejì, àwọn èèyàn wa ń hó lé e lórí, "Tata! Tata!" Ó gbójú sókè, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n ń dúró dè é níwájú ilé, tí kò sẹ́ni tó ṣọ́ wọn. Ló bá gbé bọ́ọ̀lù náà sókè fíofío, kó lè kọjá lórí gbogbo wọn, kó jáde lódìkejì. Nazario rí ẹsẹ̀ náà. Ó mọ ẹsẹ̀ yẹn bí ẹní mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ńṣe ló fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà ṣòfò. Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkè wa ò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣèlérí. Ó ká bọ́ọ̀lù náà padà, ó sì jù ú sínú àwọ̀n, ní igun òkè lọ́hùn-ún. Bí a ṣe já sí ìpele kejì nìyẹn.

Evodio gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń tọrọ àforíjì. Àṣà ni, ẹni tó bá gbá góòlù sílé tó ti jáde kì í yọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn, wọ́n ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, San Gabino ti dájọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń fi í hàn léraléra: bọ́ọ̀lù ń bọ̀, aṣọ́lé dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. "Compadre ẹ̀ ló gbá a, òun náà sì yàgò lọ́nà fún un. Ṣé a fọ́jú ni?" Ọdún Àjíǹde ti kọjá, ìgbà tí à ń dáná sun ère Júdásì. Síbẹ̀ wọ́n mọ òmíràn, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé fún un, wọ́n gbé e kọ́ síwájú ilé wa. Citlali ti iléèwé dé, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ọkọ mi tí ìka rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹgbẹ́ yẹn, kò lè lọ ra tòtíyà àgbàdo tí a ó jẹ mọ́ kí wọ́n má tutọ́ sílẹ̀.

"Màá jáde, màá sọ òótọ́ fún wọn," ló ní.

"Òótọ́ wo? Pé ó ti ṣèlérí fún ẹ, lo ṣe káwọ́ gbera? Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn! Wọ́n á lé ẹ, wọ́n á lé òun náà, ẹ̀yin méjèèjì ò sì ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé yín."

"Amparo, mo lè mú un. Ká ní mo gbé ọwọ́ sókè lásán, mo lè mú un."

Ẹ̀bi ń jẹ ẹ́ débi pé kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Evodio jókòó síwájú oníròyìn kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ìwà tí kò hù rí.

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ gbá a sílé ni, àbí o fẹ́ gbé e fún ẹlẹgbẹ́ rẹ?"

"Kí n gbé e fún ta? Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Mo mọ bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe máa ń ká bọ́ọ̀lù. Kò sí aṣọ́lé kankan láyé tó lè mú irú ẹ̀. Kó fò, kó má fò, ibì kan náà ló máa já sí."

"Ọwọ́ tí o gbé sókè ńkọ́? Àforíjì lo tọrọ."

"Ìyẹn? Eré ni. Kí ni mo jẹ wọ́n? Ìlú tó ń pè mí ní tata. Ó dáa, tata ti jẹ oko wọn tán."

Nazario fò dìde. "Irọ́! Irọ́ ló ń pa!" Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu, torí àwọn aládùúgbò wà lójú fèrèsé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Júdásì, wọ́n ti fi ẹwù Evodio wọ̀ ọ́. Doña Remedios, ìyá rẹ̀, opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tó ti délé ọkọ, kó ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ òkúta lu ilẹ̀kùn wa wá ń kàn án jẹ́jẹ́. "Don Nazario, ẹ má bínú, a ò mọ̀." Mo ní kí wọ́n máa lọ, ẹ̀wà mi ń jóná.

Evodio tún pè.

"Ṣé wọ́n ti fi ẹ́ sílẹ̀?"

"Kí ló dé tó o ṣe báyìí? Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mi, ó ń bú mi látàárọ̀. Compadre, ṣó o mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé mi lé èjìká? Èmi tí mo fẹ́ dalẹ̀ wọn! Mo ṣẹ̀ wọ́n, mo tún ṣẹ̀ yín, mi ò rí ẹni tí mi ò ṣẹ̀. Gbọ́, àwọn kan á ṣì máa fura sí ẹ. Bú mi níta. Bú mi dáadáa, má dá nǹkan kan sí."

"Mi ò lè ṣe é."

"Mo bẹ̀ ẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, asán ni irọ́ tí mo pa."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn máàsì, a wà ní ibi tí Don Fidencio ti ń din ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ọkùnrin kan pariwo láti orí ìjókòó rẹ̀ pé, "Don Nazario, ẹ ò mà tíì sọ nǹkan kan nípa compadre yín o!" Gbogbo èèyàn yíjú sí wa.

Nazario dìde. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n.

"Kì í ṣe compadre mi mọ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni. Oúnjẹ ìyá mi ló jẹ tí eyín ẹ̀ fi pé, eyín yẹn náà ló fi bù wá jẹ." Àwọn èèyàn ń mi orí. Ohùn rẹ̀ wá le. "Láti kékeré, òun ló ń fò, èmi ni mò ń dúró. Tó bá gbá a dáadáa, òun ni wọ́n ń kì. Tó bá wọlé, èmi ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Òun lọ jayé ní olú ìlú, èmi ń ṣẹ́ ìka níbí. Ó tún wá ń ṣàánú mi! Ta ló ní kó ṣàánú mi? Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì rọ!"

Àtẹ́wọ́ ta. Don Fidencio fi ẹran kún àwo wa, ó gbá ọkọ mi mọ́ra. A rìn délé. Nazario jókòó sétí ibùsùn, kò bọ́ bàtà.

"Ó ní kí n bú òun dáadáa," ló ní.

"O ti ṣe ohun tó ní kó o ṣe."

"Amparo, ìbẹ̀rẹ̀ èébú yẹn nìkan ni mo fi ṣeré."