Orí Ewúrẹ́ ní Ìlà Keje

Ihò kan wà lójú ọ̀nà Odomèta tó jẹ́ pé bí erin bá jìn sí i, góńgó etí rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí. Inú rẹ̀ ni Barnabé wa zémì rẹ̀, ọ̀kadà tó fi ń gbé èrò, sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà Sidonie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé sẹ́yìn, fò bọ́ sí, ó sì mu omi ẹrẹ̀ yó bí ọ̀mùtí ọjọ́ ọdún.

Nígbà tí wọ́n fi dé ilé ìpàdé abúlé Ìdí-Àràbà, kílé USB tó so mọ́ ọrùn nìkan ló kù fún Sidonie. Ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Aago mọ́kànlá ti lù. Aago méjìlá ni ẹnjinía máa fọwọ́ sí ìwé.

Ìwé kòtò omi ni. Wọ́n ń la ọ̀nà tuntun, Rodolphe, ẹnjinía ọmọ Pobè, sì ti ní kí kòtò náà gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ tí Sidonie ti ń ṣe olùkọ́. Ó ní omi yóò gba ibẹ̀ wọ odò. Sidonie ní irọ́ ni, kíláàsì ni yóò wọ̀. Lọ́dún tó kọjá, kòtò kankan kò tíì sí, omi gbé àga mẹ́wàá, ó gbé pátákó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ méjì lọ bá ẹja ṣeré. Nítorí ìyẹn ló ṣe jókòó oṣù mẹ́ta, tó fi Java, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà, òkè rẹ̀ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, tí òjò ń rọ̀ sí i, tí omi sì ń ṣàn síbi tó máa ṣàn sí. Bí àwòrán náà kò bá hàn kí aago méjìlá tó lù, ẹja ni yóò máa dáhùn ìṣirò ní kíláàsì rẹ̀.

Bàbá Babalọlá, olórí abúlé, gbé kọ̀ǹpútà ilé ìpàdé jáde. Ojú kọ̀ǹpútà náà ti fọ́, nítorí náà ohunkóhun tí èèyàn bá fi ṣe, ara ògiri ni pùrójẹ́tọ̀ ń gbé e sí, kí gbogbo ayé máa wò.

Barnabé fọwọ́ nu eruku orí kọ̀ǹpútà náà. "Bàbá, ṣé Nóà ló lò ó kù?"

"Bàbá ẹ ló lò ó kù," ni Babalọlá dá a lóhùn. "Jókòó."

Sidonie ki kílé bọ̀ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnì. Ògiri dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Mètírẹ́sì," ni Rodolphe pe olùkọ́ náà, "ṣé omi náà nìyí? Omi yín mà dúdú o."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sidonie kò rín. Ó ti rí ohun tó fà á. Káàdì àwòrán ni ayàwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ìwé àṣẹ tí a ń kọ sí i, pé kun ibí ní búlúù, kun ọ̀hún ní pupa, ni wọ́n ń pè ní ṣédà. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní ìpele èdè tó gbọ́, pùrófíìlì rẹ̀ nìyẹn. Káàdì ti Sidonie gbọ́ 330. Arúgbó yìí, orí 120 ni òye tirẹ̀ mọ. Àfi bí ẹni ń fi Faransé ilé ẹjọ́ kí ìyá àgbà kan ní Idigny.

Ṣùgbọ́n Sidonie kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé káàdì kì í dọ́gba, ó sì ti kọ ṣédà kejì pamọ́ ní 120. Nílé, méjèèjì ló ṣiṣẹ́. Ó wọ inú Java, ó yọ ibi tó ti ń béèrè pùrófíìlì ńlá, ó tọ́ka sí ṣédà kékeré. Òógùn rẹ̀ ń kán sórí bọ́tìnì débi tí ewéko fi lè hù níbẹ̀.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ògiri ṣú. Káàdì kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀: ṣédà 120, ìlà keje, lẹ́tà tí n kò mọ̀.

Ìlà keje.

Ìlà keje kì í ṣe àṣẹ rárá. Àkọsílẹ̀ ni, irú èyí tí èèyàn ń kọ fún ojú èèyàn, tí ẹ̀rọ máa ń fò kọjá. Alẹ́ ọjọ́ tí òun àti Rodolphe kọ́kọ́ jà ló kọ ọ́. Barnabé ló pè é fún un, tí àwọn méjèèjì ń fẹ̀rín pa ara wọn. Gbogbo àmì ohùn àti gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ, ọ, ṣ ló fi sí i, nítorí pé òun gan-an ló máa ń dá ọmọ tó bá kọ "ìyá mi wọ ọkọ" dúró títí yóò fi fi àmì sí ọkọ̀. Java rí àmì, kò sọ nǹkan kan. Káàdì ilé rẹ̀ fò ó kọjá. Arúgbó yìí rí àmì, ó ní ẹ̀mí òun kò gbà á.

Kò sì sí bí yóò ṣe yọ ọ́ láìṣí i. Kò sì sí bí yóò ṣe ṣí i tí kò ní hàn lára ògiri.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ni Rodolphe wí. Ó ti yọ kálámù.

"Barnabé," ni Sidonie sọ wúyẹ́wúyẹ́, "lọ dúró níwájú iná yẹn."

"Kí ni mo ń ṣe níbẹ̀?"

"Ìlà keje."

Ojú Barnabé là rogodo bí ọsàn. Ó fò dìde, ó dúró gbagidi níwájú pùrójẹ́tọ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹni ń lé àgùntàn. Sidonie ṣí ìwé ṣédà náà. Barnabé ti gbàgbé pé ẹ̀wù funfun lòun wọ̀. Láti èjìká dé ìdodo, lẹ́tà tò sí i lára, wọ́n hàn kedere ju ti ara ògiri lọ.

Rodolphe sún mọ́ ọn. Ilé ìwé Faransé ló lọ. Yorùbá rẹ̀ dán lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ọmọ kíláàsì kìíní ló ń kà á. Ó gbé ìka lé ikùn Barnabé.

"Ẹn-ji-ní-a… tó… bá… ní… omi… ń… gun… òkè…"

Ìka Sidonie wà lórí bọ́tìnì ìparẹ́. Kọ̀ǹpútà náà ń ronú. Ó ń ronú bí adájọ́ tí kò tíì jẹun.

"…orí… ewúrẹ́… ló… gbé… wá… síbi… iṣẹ́."

Babalọlá wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun rẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?" ni Rodolphe béèrè.

Barnabé la ẹnu. Sidonie ṣáájú rẹ̀. "Èmi ni, Mùsíè. Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́, kí ẹ wo omi. Bí omi bá gun òkè, ẹ fọwọ́ sí ìwé, èmi náà yóò sì so okùn ewúrẹ́ mọ́ ọrùn ara mi yí abúlé yìí ká."

Rodolphe wo aago. Ó wò ó pẹ́ bí ẹni tó ń ka ìràwọ̀.

"Pa á rẹ́."

Ìlà keje lọ. Ògiri ṣú. Ó ṣú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yọ, pupa bí ilẹ̀ Ìdí-Àràbà gan-an, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ kékeré lápá òsì àti kòtò Rodolphe lẹ́yìn rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Omi búlúù wọ inú kòtò, ó sáré dé ibi tí ilẹ̀ ti ga, ó dúró, ó wú, ó yí ojú padà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọlé.

Ìyá kan láàárín èrò pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Ta ló wọn ilẹ̀ yìí?" ni Rodolphe bi í.

"Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi. A fi okùn àti ọpọ́n omi wọ̀n ọ́n."

Ó ṣí ìwé tirẹ̀, ó fi ìka tọ nọ́ńbà kan, ó wo ògiri, ó tún wo ìwé. Ó dúró lé nọ́ńbà náà. Òógùn bọ́ ní imú rẹ̀ sórí rẹ̀.

"Mítà méjì," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo kọ ilẹ̀ ibẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Òkè ló wà."

Aago méjìlá lù. Ó fa ìlà gbọọrọ lórí kòtò tó yà sínú ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì yí sí Barnabé, tí apá rẹ̀ ṣì nà síbẹ̀.

"Ìwọ, gbé mi lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà kí n tún un wọ̀n."

"Mùsíè, ihò kan wà lójú ọ̀nà o."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Rodolphe wí. "Orí ewúrẹ́ mi yìí náà ló ti jìn sí i láàárọ̀."