Ìkànnì Aránṣọ

“Ọjà tí kò sí èrò níbẹ̀, Bàbá Atẹ̀wé, ṣé ọjà náà nìyẹn àbí itẹ́ òkú?”

Aláago ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọjà láàárọ̀ ló ti ń pè. Bó bá sinmi díẹ̀, á tún pè. Aago ló ń tún ṣe jẹun, ó sì ní ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tú aago àtijọ́ palẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Ó fẹ́ ta ìkànnì náà kó lè sinmi.

“Ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni,” Bàbá Atẹ̀wé dá a lóhùn. “Ẹ ní sùúrù.”

“Sùúrù mi ti fẹ́ tán. Ẹ̀yin lẹ ní òní lọjọ́, a sì dúró títí di òní. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹyọ kan ò tíì tà, màá kó ẹrù mi lọ sọ́jà àwọn ẹlòmíì. Èmi nìkan kọ́ o. Gbogbo àwa tá a pàtẹ la ti jọ sọ ọ́.”

Bàbá Atẹ̀wé gbé fóònù kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ bo tábìlì.

Ilé ìtẹ̀wé ni yàrá yẹn tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ ńlá dúró sí ṣì dúdú fún epo, àmọ́ ẹ̀rọ náà ti lọ. Ó tà á lọ́jọ́ tó gbà pé ìwé títẹ̀ kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé èrò tuntun wá: ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí èèyàn ti lè ta ìkànnì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí ìgbà tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀bù tòun ti igbá àti àwo inú rẹ̀, àti àwọn oníbàárà tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọmọ náà fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Báyìí, kò sí ẹ̀rọ tí baba lè padà sídìí rẹ̀, kò sì sí ọ́fíìsì tí ọmọ lè padà sí. Bí àwọn tó pàtẹ bá palẹ̀ mọ́ lónìí, ó parí nìyẹn.

Ọmọ ló mọ kọ̀ǹpútà. Baba ló kọ òfin, nítorí ó mọ ohun tó máa ń ba ọjà jẹ́. Ó ti wo irú ọjà bẹ́ẹ̀ níbòmíràn: olùtà á gbà láti tà, bó bá rí ẹni tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, á yí ohùn padà, olùrà á sì dúró bí ẹni tí òjò ká mọ́ ẹnu ọ̀nà àna. Nítorí náà ló ṣe kọ ọ́ gbàǹgbà síwájú ọjà tiwọn pé ẹni tó bá ti pàtẹ, tí ẹnìkan sì ti sanwó, ó ti tà nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọmọ onílé. Olùrà lè yọwọ́ kí wọ́n tó gbé ọjà fún un. Olùtà kò lè yọwọ́. Ohun gbogbo ló gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà pamọ́. Bí olùtà bá yẹ àdéhùn, á hàn níwájú ọjà, ojú gbogbo ayé á tó o. Òfin yìí ló fa Aláago àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Kò sí ohun mìíràn tí ọjà náà ní tí ọjà àwọn ẹlòmíràn kò ní.

Oòrùn ti ń yẹ̀ lórí nígbà tí kọ̀ǹpútà dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Bàámi!” Ọmọ rẹ̀ pariwo láti yàrá kejì. “Ó ti tà! Ṣé ẹ gbọ́? Ẹnìkan ti rà!”

Ó sáré wọlé, ó ń jó, ó ń di ìgbáròkó mú bí àgbà obìnrin. Baba pàápàá dìde. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú láti wo orúkọ ìkànnì tí wọ́n rà.

*Abẹ́rẹ́ àti Òwú.*

Ijó tí ọmọ náà ń jó dúró.

Ìkànnì ìyá rẹ̀ ni. Aránṣọ ni ìyá náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́ láti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ọwọ́ òun lè dá, ẹnu òun kò ní dá. Orí ibùsùn ló ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń lẹ aṣọ tó ya, ọkọ rẹ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, tàwàdà tèébú. “Má fa òwú bẹ́ẹ̀ yẹn, kò jẹ ọ́ ní gbèsè.” Báyìí ló ṣe ń kọ́ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ ibẹ̀. Ọdún tó kọjá ló kú. Láti ìgbà náà, ọkọ rẹ̀ kì í jẹun àárọ̀ kó tó ṣí ojú ìkànnì náà, kó ka díẹ̀, kó sì pa á dé. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

“Báwo ló ṣe dé orí àtẹ?” Ohùn baba lọ sílẹ̀.

Ọmọ náà ti jókòó sórí pákó tó wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọjà náà, wọ́n nílò ìkànnì gidi tí wọ́n máa fi wò ó bóyá àtẹ ń ṣiṣẹ́, tìyá rẹ̀ nìkan ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Ó pàtẹ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn tó jẹ́ àfarawé lásán. Ó kọ *ìdánwò* sára àwọn yòókù. Ní alẹ́ àná, ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ *ìdánwò* sí lára kúrò.

“Mi ò kọ ọ́ sára ti Màámi,” ó wí. “Ọwọ́ mi kọ̀. Mi ò lè kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ti orúkọ wọn.”

Baba tún ka orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

“Ẹ jẹ́ n fagi lé e. Kíá ni. Èmi ni mo ṣàṣìṣe.”

“Kí ni yóò hàn níwájú ọjà?”

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

“Mo bi ọ́ léèrè.”

“Á hàn pé olùtà yẹ àdéhùn.”

“Ta ni olùtà?”

“Àwa ni.” Ó gbójú sókè, omi ti lé sójú rẹ̀. “Bàámi, Màámi ni o! Kì í ṣe ìkànnì aago.”

“Mo mọ ẹni tí í ṣe.”

Ẹní da eérú leérú ń tọ̀. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ pé ọjà tuntun yẹ àdéhùn lórí àkọ́tà rẹ̀, tó sì máa dúró gbọ́ ìdí tó fi yẹ̀ ẹ́.

“Ẹ pe olùrà,” ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀. “Tó bá fúnra rẹ̀ yọwọ́, kò rú òfin. Ẹ ṣáà pè é.”

Ó pè é. Ọkùnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ yá gágá.

“Ẹ kú iṣẹ́ sà! Ọjà yín mà dára o. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó parí.”

“Ẹ ṣeun. Kí lẹ fẹ́ fi ìkànnì náà ṣe?”

“Ọṣẹ ìfọṣọ ni mò ń tà, sà. Èrò tó ń wọ ibẹ̀ ni mo rà. Àwọn tó ń ránṣọ, ṣebí àwọn náà ló ń fọṣọ?” Ó rẹ́rìn-ín.

“Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyẹn? Màá gbá a kúrò. Ó ti pẹ́ tí ìyá tó ni ín ò kọ nǹkan tuntun mọ́. Bóyá ó ti sú wọn.”

Ọ̀rọ̀ dé góńgó ahọ́n àgbàlagbà náà. Bó bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí á ṣàánú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tí ìyá bí tó sì kọ́. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu bí ẹni ń wo ojú ọ̀run nígbà ọ̀dá. Àmọ́ bí onílé ọjà bá ń bẹ olùrà pé kó má rà, kí ló kù tí wọ́n ń pè ní òfin?

“Ẹ̀ ń gbọ́ mi sà? Ṣé kò sí nǹkan? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín kì í yẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni mo ṣe wá o.”

“Kò sí nǹkan,” ó wí. “Ẹ máa retí rẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ bojú.

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ipè mìíràn fi wọlé. “Bàbá Atẹ̀wé! Mo rí i! Ẹyọ kan ti tà! Ta lolóríire náà?”

“Èmi ni.”

Aláago fura. “Ẹ̀yin? Hẹn-ẹn. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ra ọjà ara yín, kẹ́ ẹ lè fi tàn wá jẹ? Àwa náà ti darúgbó o.”

“Ẹ máa wò ó bóyá màá gbé e fún olùrà.”

“À ń wò ó. Gbogbo wa là ń wò ó.”

Ó fa àga sídìí kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó lè gbé ìkànnì fún olùrà, olùtà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn ìkànnì wọlé, ibi tí ẹni tó ni ín nìkan ń wọ̀, kó tú gbogbo kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kò tíì gba ẹ̀yìn wọ ibẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Iwájú ló máa ń kà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ìyàwó rẹ̀ yàn, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ìbéèrè ló kún ibẹ̀ bámúbámú.

Obìnrin kan ní sípù àpò ọmọ òun kì í dé mọ́, bí òun bá ti fà á ló tún ń là lẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun ń fo àwọn ibì kan láìrán. Òmíràn ní abíyá aṣọ iṣẹ́ ọkọ òun kì í yéé ya, bí òun ti ń rán an ló ń ya. Wọ́n béèrè, wọ́n dúró, wọ́n tún béèrè. *Ìyá Aránṣọ, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?* Oṣù dé, oṣù lọ. Òun, ẹni tó ń ka ojú ìkànnì láràárọ̀, kò fìgbà kan ṣí ẹ̀yìn wò.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òun kò ríran.

Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. *Ẹ fi ẹ̀mú fún orí sípù náà díẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Díẹ̀ ni o. Bẹ́ ẹ bá fún un pa, ẹ ra òmíràn.* Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í dúró nínú ìkànnì. Inú fóònù ẹni tó béèrè ló ń lọ. Ó rán an. *Ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín, ẹ tún kì í bọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ kọ síwájú.* Ó rán an. *Aṣọ yẹn há ni, ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹ gé ìrépé kan sí i lábẹ́ apá, kí ọkọ yín lè rí ọwọ́ gbé.*

“Bàámi, kí lẹ̀ ń ṣe?” Ọmọ rẹ̀ ti dìde, ó ń kà á lókè èjìká rẹ̀.

“Wọ́n ti dúró pẹ́.”

“Olùrà náà ń dúró.”

“Kó dúró díẹ̀ sí i. Tèmi ṣì ni.”

Ọmọ náà fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó jókòó. Ó ń ka ìbéèrè síta fún un, òun ń dáhùn. Ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn lọ tán, kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó fi ẹ̀dà kankan pamọ́. Ó dáhùn pé rárá, òótọ́ sì ni. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ewé náà funfun, orúkọ ọlọ́ṣẹ sì rọ́pò ti ìyàwó rẹ̀.

Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì, ipè kan ń tẹ̀ lé òmíràn: àwọn tó pàtẹ ti rí i pé àdéhùn kò yẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló lọ gbé e. Òun kò kúrò lórí àga. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọwọ́ yìí fi máa ń dúró lórí bọ́tìnnì, kí ohùn kan láti orí ibùsùn tó sọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀. Lónìí, wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni.