Abọ́ Tí Káfíńtà Ń Fọ̀

Bí a bá ń ka àwọn ọkùnrin tó ń fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun, ọkọ Ìyá Ọlọ́bẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ dárúkọ. Káfíńtà ni. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ sínú abọ́ onídèérí fún un lọ síbi iṣẹ́, ojoojúmọ́ náà ni abọ́ ọ̀hún ń padà wálé ní fífọ̀, tó ń dán gbinrin. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra: obìnrin náà fi í yangàn títí ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọkọ tiwọn kì í gbé ife kúrò nílẹ̀ a máa pòṣé. Àwọn náà ló sọ ọ́ ní Ìyá Ọlọ́bẹ̀, nítorí nígbà kan, bó bá gbé oúnjẹ wá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ìjà jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ibà kan ti dá a dùbúlẹ̀ ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, ahọ́n rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà mọ́. Ìtìjú ló kà á sí. Alásè tí kò mọ adùn, ta ni yóò pariwo irú ìyẹn síta? Ọwọ́ ló fi ń díwọ̀n iyọ̀, ẹnu ọkọ rẹ̀ ló sì gbójú lé. Lálaalẹ́ ló ń bi í pé, "Ọbẹ̀ òní ńkọ́?" Ọkùnrin náà á jẹ díẹ̀, á ní oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà nínú òun, á wá ní, "Ó dùn. O kú iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni obìnrin náà fi ń rí oorun sùn.

Orí ọ̀rọ̀ yìí náà ló dúró lé tó fi ní òun máa ṣí ilé oúnjẹ. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní yàrá ìfọṣọ, kó sì tó dé ẹnu géètì, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìwé báńkì tí onílé ṣọ́ọ̀bù fẹ́ rí ló kù. Ó lọ gbà á, ìwé àkáǹtì tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń lò.

Kò tíì ka ìlà mẹ́wàá tí ojú rẹ̀ fi yí padà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí kò gbọ́ rí ló kún inú ìwé náà, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lèyí?" ó bi akọ̀wé báńkì.

"Ilé oúnjẹ ni, mà. Orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló ń hàn lórí ìwé wa, kì í ṣe èyí tó wà lára pátákó wọn. Ẹ wo àdírẹ́sì wọn. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ jẹun níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti káàdì yẹn pa kíá."

"Káàdì ọkọ mi ni."

Akọ̀wé náà wolẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ná, mà."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà gan-an ni àdírẹ́sì náà wà. Obìnrin ni! Kí ló tún kù? Kí Ìyá Ọlọ́bẹ̀ tó débẹ̀, ó ti rí obìnrin náà lọ́kàn rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, aláṣejù, ó sì ti to èébú jọ fún un.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, eruku pákó lórí irun rẹ̀, tó ń jẹ ìrẹsì. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé oúnjẹ kiri wá mú abọ́ onídèérí kan lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé sínú garawa pàǹtí, ó sì gbé e lọ fọ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá Ọlọ́bẹ̀ mọ abọ́ rẹ̀. Ó lọ jókòó síwájú ọkọ rẹ̀.

"Obìnrin yín dà?"

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Kò sóbìnrin kankan. Iyọ̀ ni. Látìgbà tó o ti ṣàìsàn, ó ń pọ̀ jù. Lọ́jọ́ mìíràn, kì í sí rárá. Mo ní kí n má bà ọ́ nínú jẹ́."

"Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ gbà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé wàá tún inú rò."

"Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ọkùnrin náà ò lè jẹun mọ́, kò sì mọ ibi tó máa gbójú sí.

"Ahọ́n mi ti kú," obìnrin náà wí. "Ẹnu yín ni mo fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò."

"O ò sọ fún mi."

Òótọ́ ni, ó sì korò. Inú bí i. "Ìbá sàn kó jẹ́ obìnrin," ó wí. "Ǹ bá lé e lọ."

Ìyá àgbàlagbà náà padà dé, ó gbé abọ́ kalẹ̀, tó ń dán gbinrin.

"Bàbá Káfíńtà, abọ́ yín rèé o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ó kúkú ń gbìyànjú."

Ìyá Ọlọ́bẹ̀ fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ó ti gbọ́, mà," ó wí.